Benitoite: ẹ má pè é ní sàfáyà

Ẹni tó bá fẹ́ ra òkúta aláwọ̀ aró yìí, kó kọ́kọ́ tan iná UV (ìtànṣán tí ojú kì í rí) onígbì kúkúrú sí i nínú òkùnkùn. Benitoite á tàn yòò, búlúù bí iná gáàsì. Iná tí wọ́n fi ń yẹ owó wò kọ́ o, onígbì gígùn nìyẹn, kò ní fi nǹkan kan hàn. Ẹ wọ awò, kó má ba ojú yín jẹ́.

—

Àṣìṣe pípè é ní sàfáyà ti pẹ́. Nígbà tí James Couch, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá ohun àlùmọ́nì, rí i ní San Benito, ní Kalifọ́níà, lọ́dún 1907, sàfáyà ni àwọn kan kọ́kọ́ pè é. George Louderback ti Yunifásítì California ló yẹ̀ ẹ́ wò tó rí i pé sílíkéètì tuntun ni (irú òkúta tó ní sílíkọ́nì àti ọ́síjìn nínú), BaTiSi3O9, ló bá fi orúkọ agbègbè ibẹ̀ sọ ọ́. Ìrísí rẹ̀ ló wú mi jù: onígun mẹ́ta. Láti 1830 ni Hessel, onímọ̀ kírísítà ará Jámánì, ti ṣírò pé irú kírísítà bẹ́ẹ̀ lè wà, ṣùgbọ́n benitoite lẹni àkọ́kọ́ tó yọjú nínú ilẹ̀.

—

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Kí n fi ti fífọ̀ kún un. Inú òkúta funfun tó ń jẹ́ natrolite ni benitoite máa ń fara pamọ́ sí, pẹ̀lú òkúta dúdú tó ń jẹ́ neptunite. Hydrochloric acid ń jẹ natrolite, kì í jẹ àwọn méjèèjì yòókù. Ẹ bu ife omi mẹ́ta sínú ike, lẹ́yìn náà kí ẹ rọra da ife ásíìdì kan sí i. Ẹ má da omi lé ásíìdì láé. Ìta gbangba ni, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Natrolite tó ń yọ́ á ki bí ògì. Bí ògì yẹn bá gbẹ mọ́ kírísítà, ó di wàhálà, torí náà ẹ máa ṣàn án, kí ẹ sì pààrọ̀ ásíìdì. Hydrofluoric acid ńkọ́? Ẹ jìnnà sí i: ó ń pa èèyàn, á sì jẹ benitoite fúnra rẹ̀.

—

Ẹ̀yin tó ń gé e: bí ẹ bá wò ó láti ojú pẹrẹsẹ onígun mẹ́ta yẹn, omi lásán lẹ máa rí, ẹ̀gbẹ́ ni búlúù wà. Ẹni tó bá gbé ojú òkúta sí ibi pẹrẹsẹ kó má bàa ṣòfò, òkúta tí kò ní àwọ̀ ló máa gbà. Líle rẹ̀ ò ju 6 sí 6.5 lọ lórí òṣùwọ̀n Mohs tí wọ́n fi ń wọn líle òkúta, láti 1 dé 10, iyanrìn lásán lè họ ọ́. Yẹtí ló yẹ ẹ́, kì í ṣe òrùka.