Ayálégbé wa fẹ́ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti yàrá iwájú: báwo ni a ṣe lè dá wọn lóhùn láìrẹ́ wọn jẹ?

Ọmọ Onílé, Agric

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń bójú tó ilé bàbá mi ní Agric, ní Ìkòròdú. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá kan tí ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn ni wọ́n sì fi ń jáde báyìí. Wọ́n kọ̀wé sí wa pé kí á jẹ́ kí wọ́n mọ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn iwájú ilé, kí wọ́n kan irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀, kí wọ́n sì kó láti yàrá ẹ̀yìn bọ́ sí ti iwájú tí ó ṣófo. Ajẹ́ǹtì wa ní kí á fi owó kún owó ilé wọn, tàbí kí á gba yàrá wa bí ọdún bá pé. Ọkàn mi kò gbà á. Ṣùgbọ́n bàbá mi ń béèrè ẹni tí yóò san owó bíríkìlà, wọ́n sì fẹ́ kí á gba ìwé dókítà. Kí ni ó tọ́ kí á ṣe?

Agbẹjọ́rò, Ṣábó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ̀lé ìmọ̀ràn ajẹ́ǹtì yẹn rárá. Òfin àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ẹ̀tọ́ àwọn akanda ẹ̀dá, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, kò yọ onílé sílẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya akanda sọ́tọ̀ nítorí àìlera rẹ̀ lọ́nàkọnà, ẹni tí ó bá sì ṣe é lè san ìtanràn 100,000 náírà, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó fara gba méjèèjì. Kí á fi owó kún owó ilé ẹnì kan ṣoṣo nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ìrẹ́jẹ gbáà ni. Èkó náà ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2011, òun ni ó dá LASODA sílẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba Èkó tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn akanda, níbi tí wọ́n lè gbé ẹ̀sùn wọn lọ.

Ní ti owó, ilé tí gbogbo ará ìlú ń wọ̀ ni òfin àpapọ̀ pàṣẹ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ fún, nítorí náà n kò ní sọ pé dandan ni kí bàbá yín san án. Ṣùgbọ́n òfin ilé yíyá ti Èkó sọ pé ayálégbé kò gbọdọ̀ yí ohunkóhun padà lára ilé láìgba ìyọ̀ǹda onílé ní kíkọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó gba ìyọ̀ǹda náà tí ó sì tún ilé ṣe lè béèrè owó àtúnṣe rẹ̀ bí onílé bá ní kí ó máa lọ. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé dókítà kò pọn dandan fún àìlera tí gbogbo àdúgbò ń fojú rí. Bí àìlera bá fara sin, ìwé tí ó sọ ohun tí ẹni náà nílò ti tó. Orúkọ àìsàn kò kan onílé.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Níbí, láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin ilé gbígbé ṣe ní ọdún 1988, onílé aládàáni kò lè dí ayálégbé lọ́wọ́ láti ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ bí ó bá bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ayálégbé ni ó sábà máa ń san owó rẹ̀.

Bíríkìlà, Ìgbógbó

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣẹ́ ọwọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń bà á jẹ́. Íǹṣì kan tí àtẹ̀gùn bá fi ga, ẹsẹ̀ bàtà kan ni ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ fi gùn. Bí àtẹ̀gùn mẹ́ta bá ga tó íǹṣì 18, ẹsẹ̀ bàtà 18 ni ẹ ń wá, ọ̀pọ̀ iwájú ilé ní Agric kò sì ní ààyè tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó kan gọ́tà. Ẹ jẹ́ kí ó fara ti ògiri lọ, kí ó ní ibi pẹrẹsẹ ní àárín tí kẹ̀kẹ́ ti lè yí padà. Bí ẹ bá mọ ọ́n kúrú, yóò ga jù, ẹni tí ó jókòó lè ṣubú sẹ́yìn. Ẹ má dán ojú sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Ẹ fi ìgbálẹ̀ fa ilà sí i nígbà tí ó ṣì tutù, kí òjò má baà sọ ọ́ di yíyọ̀. Irin balùwẹ̀ ńkọ́? Inú búlọ́ọ̀kù ṣófo, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ rọ kọnkéré sí ibi tí ìdè yóò wọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí bàbá bá fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn ni yóò já. Kí ẹ tún yí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ padà kí ó máa ṣí síta.

Ọmọ Onílé, Agric

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Bàbá mi ti gbà kí wọ́n kó sí yàrá iwájú ní iye owó ilé tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀, àwa yóò sì ra sìmẹ́ǹtì, kí àwọn ọmọ wọn san owó iṣẹ́. Ó ku ọ̀rọ̀ kan: ibi tí ọ̀nà náà yóò gbà ni ayálégbé kan tí ó ń gbé ní òkè ilé máa ń gbé ọ̀kadà rẹ̀ sí, ó sì ní òun kò ní kúrò.

Agbẹjọ́rò, Ṣábó

Iwájú ilé kì í ṣe ti ẹnì kan àfi bí ìwé àdéhùn rẹ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ibòmíràn hàn án nínú ọgbà kan náà, kí ẹ sì fún un ní ìwé ṣáájú ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe dárúkọ àìsàn bàbá nínú ìwé náà. Ẹ kàn sọ pé a fẹ́ mọ ọ̀nà síbẹ̀.