Ṣé àwọn ilé-iṣẹ́ Ìlọrin lè ràn wá lọ́wọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdìrì rí máíkírósíkóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lò?

Tíṣà Ìgbómìnà (Òmù-Àrán)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kan níbí. Tí a bá ti dé orí ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, àwòrán inú ìwé ni mo máa ń nà síwájú wọn, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ni máíkírósíkóòpù tiwa fi ń ṣiṣẹ́, bó sì ti wù kí gíláàsì rẹ̀ dára tó, ohun méjì tí àlàfo àárín wọn kò bá tó nǹkan bí 200 nánómítà (mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mìlímítà kan) yóò dà pọ̀ di ọ̀kan lójú rẹ̀. Mo kà á pé lókè òkun, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe máíkírósíkóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù (èyí tó ń fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wo nǹkan dípò ìmọ́lẹ̀), bíi Hitachi, a máa yá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní èyí tó kéré, tí a lè gbé sórí tábìlì, fún ìgbà díẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ìlọrin àti Ọ̀fà lè dara pọ̀ mọ́ àwọn yunifásítì wa láti ṣe irú rẹ̀ fún wa? Èrè wo ni ó sì wà níbẹ̀ fún wọn? N kò fẹ́ kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tí akọ̀wé yóò kàn sọ sínú fáìlì.

Òṣìṣẹ́ Láàbù (Ìlọrin)

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Inú láàbù ni mo ti ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ àti ẹ̀rọ yìí ti pẹ́. Ernst Ruska àti Max Knoll ló kọ́kọ́ ṣe é ní ìlú Berlin ní 1931, ṣùgbọ́n ó di 1939 kí Siemens, ilé-iṣẹ́ tó gba Ruska síṣẹ́, tó ṣe èyí tí wọ́n lè tà fún ẹlòmíràn. Ní 1940, wọ́n dá ibùdó ìwádìí kan sílẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ náà fún àwọn àlejò, wọ́n gbé ẹ̀rọ mẹ́rin síbẹ̀, wọ́n sì fi Helmut, àbúrò Ruska tó jẹ́ dókítà, ṣe olórí rẹ̀; nǹkan bí 200 ìwé ìwádìí ló ti ibẹ̀ jáde kí 1944 tó parí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò níbẹ̀ ni pé wọn kò pín ẹ̀rọ fún oníkálukú lọ sílé; ẹni tó ní ìbéèrè ló ń gbé ìbéèrè rẹ̀ wá bá ẹ̀rọ.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ lẹ́tà pé kí ilé-iṣẹ́ kan ra SEM, irú máíkírósíkóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń ya àwòrán ojú nǹkan, fún ilé-ẹ̀kọ́ yín. Owó tí a fi ra ẹ̀rọ yìí wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó tí a fi ń bọ́ ọ ló máa ń pa ètò. Inú ibi tí a ti fa afẹ́fẹ́ kúrò ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń rìn, pọ́ǹpù kò sì gbọdọ̀ sinmi níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Fílámẹ́ńtì tó ń tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa jó, bí ti gílóòbù àtijọ́, a ó sì wá òmíràn rà. Ohun tí iná kì í gba inú rẹ̀ kọjá, ìyẹ́ kòkòrò tàbí amọ̀, a sábà máa ń fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lójú kí àwòrán má baà dàrú. Ti NEPA, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà lò ló wá ṣòro jù láti dì mú: a rán an lọ kọ́ṣẹ́, ó padà dé, ìlú mìíràn pè é síṣẹ́ tó lówó lórí ju èyí lọ, ẹ̀rọ sì di ohun tí à ń fi aṣọ bò. Ilé-iṣẹ́ tó bá gbà láti máa san owó oṣù ẹni yẹn àti ti àbójútó ẹ̀rọ fún ọdún márùn-ún ti ṣe ju ẹni tó ra ẹ̀rọ lọ.

Bàbá Tíṣà (Ọ̀fà)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ojú mi sì ti rí díẹ̀. Mo mọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní gúúsù Kwara yìí tí wọ́n fi ìlù àti ijó gbé ẹ̀rọ olówó ńlá fún, tí kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ sì wà lápò ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ títí ẹ̀rọ náà fi bàjẹ́, láìjẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan fọwọ́ kàn án. Ọmọ tí kò tíì fi ojú ara rẹ̀ wo awọ àlùbọ́sà lábẹ́ máíkírósíkóòpù lásán, kí ni ó fẹ́ fi ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe? Lójú tèmi, ti oníìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ àwọn ilé-iṣẹ́ fún, kí ó kárí láti Ọ̀fà dé Òmù-Àrán.

Ẹnjiníà Alágbẹ̀dẹ (Ìlọrin)

Bàbá, ẹ̀yin lẹ jàre lórí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dá Tíṣà lóhùn lórí èrè tí ó béèrè, nítorí níbi tí wọ́n ti ń rọ irin ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀pá irin bá kán nígbà tí kò yẹ kí ó kán, ojú ibi tó ti kán ni à ń bi léèrè. Irin tó fà kí ó tó já yóò ní ihò wẹ́wẹ́ lójú; èyí tó kán lójijì yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, yóò sì máa dán; bí ìdọ̀tí bá sì ti inú irin àlòkù tí a yọ́ wọ inú rẹ̀, ohun èlò tó ń ka X-ray, tí wọ́n máa ń so mọ́ SEM, yóò sọ ohun tí ìdọ̀tí náà jẹ́. Lọ́wọ́lọ́wọ́, ìlú mìíràn ni à ń gbé irú sáńpù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó sì máa retí èsì. Àwọn tó ń ṣe oògùn nílùú yìí náà nílò rẹ̀, torí pé bí lẹ́búlẹ́bú oògùn bá ṣe rí, tó sì ṣe tóbi sí, ló ń pinnu bí yóò ṣe ṣàn sínú ẹ̀rọ àti bí yóò ṣe yọ́ nínú ara.

Ní Gúúsù Áfíríkà, nígbà tí Nelson Mandela University ṣí ibùdó máíkírósíkóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ ní 2011, Sasol wà lára àwọn tó dá owó sí i pẹ̀lú ìjọba. Iṣẹ́ Sasol ni láti sọ èédú di epo, kátálísì (ohun tó ń mú kí ìyípadà náà yá) tí wọ́n sì fi ń ṣe é kéré débi pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló ń fi í hàn dáadáa. Wọn kò ṣe é nítorí àánú.

Ní tiwa, láti ara èrè àwọn ilé-iṣẹ́ ni owó TETFund ti ń wá, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ló sì wà fún. Bí ẹ bá ní kí ọ̀gá wa tún dáwó fún ẹ̀kọ́, yóò ní òun ti san tòun. Ṣùgbọ́n bí yunifásítì bá mú àdéhùn wá pé a ó máa san iye kan lọ́dún, pé èsì sáńpù wa yóò jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àti pé ọjọ́ kan lóṣù jẹ́ ti àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, mo lè gbé ìyẹn lọ síwájú rẹ̀ láìbẹ̀rù.

Tíṣà Ìgbómìnà (Òmù-Àrán)

Ẹ ṣeun gan-an ni. Bàbá, a ní oníìmọ́lẹ̀ méjì tó ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ sì ti wo awọ àlùbọ́sà débi tó sú wọn. Àdéhùn tí ẹ̀gbọ́n ẹnjiníà sọ yìí ni n óò gbé lọ. Ohun tó kù ni owó ọkọ̀: kíláàsì kan láti ibí dé Ìlọrin kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà?

Òṣìṣẹ́ Láàbù (Ìlọrin)

Ó wà. Ní University of Illinois, ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Bugscope ní 1999: àwọn ọmọ yóò fi kòkòrò ránṣẹ́, wọn yóò jókòó sí kíláàsì tiwọn, wọn yóò sì máa darí SEM náà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn onímọ̀ ń dá wọn lóhùn bí wọ́n ṣe ń béèrè. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo báyìí lè kárí gbogbo Ìgbómìnà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà fún wa. Bí kò bá gbà, ọmọ mẹ́ta pẹ̀lú olùkọ́ kan lè wá, kí wọ́n kó àwòrán náà padà fún àwọn yòókù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kòkòrò inú ẹ̀wà, ikán àti ẹ̀fọn, pẹ̀lú èérún ìkòkò Òkèlélé àti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́. (Kí ẹnikẹ́ni má lọ ha ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ wá o, ohun ìṣúra ìjọba ni.) Kòkòrò náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa, nítorí omi inú rẹ̀ yóò ba òfìfo ẹ̀rọ, ibi tí a ti fa afẹ́fẹ́ kúrò, jẹ́, inú pépà ni kí ẹ dì í sí, ọ̀rá a máa jẹ́ kí ó bu. Kí lẹ́tà yín gba ọwọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yín kọjá, kí ó sì dárúkọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́, torí pé nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àṣekágbá bá ń sáré parí iṣẹ́ ìwádìí wọn, kò sí àyè fún àlejò lọ́dọ̀ wa.