scp ń já láàárín ọ̀nà: kí ni mo lè fi gbé fáìlì ńlá?

Ọmọ_Òkèbàdàn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ fi scp (àṣẹ tí a fi ń ṣe ẹ̀dà fáìlì láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn) gbé fídíò 12 GB lọ sórí sáfà (server). Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti já báyìí, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni mo tún ń padà sí. Dátà sì wọ́n! Kí ni ṣíṣe?

Bàbá_Tẹ́mínà: Fi scp sílẹ̀ jàre. Bó bá ti já, kò lè máa bá iṣẹ́ lọ níbi tó dúró sí. Lo rsync, àṣẹ mìíràn tó ń gbé fáìlì:

`rsync -P fidio.mp4 ade@safa:/home/ade/`

-P yẹn gan-an lòógùn rẹ̀: ó ń fi bí iṣẹ́ ṣe ń lọ hàn ọ́, kì í sì í jẹ́ kí èyí tó ti dé ọ̀hún ṣòfò. Bó bá já, tún àṣẹ kan náà tẹ̀. Ó máa kọ́kọ́ yẹ èyí tó wà lọ́hùn-ún wò, torí náà má kánjú pa á bí o bá rí i tó dákẹ́ díẹ̀. Má sì fi -z (tó ń fún dátà pọ̀ kó lè kéré) sí i o, wọ́n ti fún fídíò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Wàá kàn máa da kọ̀ǹpútà rẹ láàmú ni.

Ìyá_Línúsì: Bàbá, tí kò bá wá sí rsync lórí sáfà yẹn ńkọ́? Ìhà méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà.

Bàbá_Tẹ́mínà: Òótọ́ lẹ sọ. Kó fi sftp (ọ̀nà mìíràn tí a fi ń gbé fáìlì) wọlé sórí sáfà nígbà náà, kó tẹ `reput fidio.mp4` láti máa bá iṣẹ́ lọ níbi tó já sí. Bó bá jẹ́ pé gbígbà ló fẹ́ gbà á láti orí sáfà, `reget` ni.

Ọmọ_Òkèbàdàn: Ẹ ṣé gan-an, sà. rsync wà níbẹ̀, ó ti ń lọ.