Dùùrù ojú àríyá àtijọ́: báwo ni páálí ṣe ń mú fèrè dún?

Olùkọ́ Òkè-Fíà: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ kan dùùrù kékeré àfọwọ́yí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ní Òṣogbo, irú èyí tí wọ́n ń lò lójú àríyá nílẹ̀ Faransé àti Jámánì láyé àtijọ́. Ibo ni orin wà nínú rẹ̀? Ṣé awọ ìlù máa ṣiṣẹ́ fún ẹwìrì rẹ̀?

Ayọ̀dùùrù: Inú ihò páálí ni orin wà. Kó tó di 1892 tí Gavioli, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe dùùrù ní Paris, gba ẹ̀tọ́ lórí ìwé páálí oníhò, igi róbótó tí wọ́n kan ìṣó wẹ́wẹ́ mọ́ ni wọ́n ń lò. Bí igi bá yí tán, orin tán. Páálí ní tirẹ̀ ṣeé mú gùn bó bá ṣe wù yín.

Bí páálí ṣe ń kọjá, ó ń tẹ àwọn irin tín-ín-rín orí sípíríǹgì mọ́lẹ̀. Níbi tí ihò bá dé, irin á gbórí sókè, afẹ́fẹ́ á rí ọ̀nà dé ẹwìrì kékeré kan. Ẹwìrì yẹn ló ń ṣí ìdérí abẹ́ fèrè. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ tó wúwo, ìdí nìyẹn tí páálí kì í fi í tètè ya.

Nítorí náà, afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú dúró sójú kan. Ẹwìrì ńlá méjì, ó kéré tán: bí ọ̀kan ṣe ń fẹ́ ni èkejì ń fà, kí méjèèjì máa da afẹ́fẹ́ sínú àpò tí sípíríǹgì tẹ̀. Bí àpò bá kún, kí ihò kan ṣí, kí àṣẹ́kù jáde. Láìsí èyí, ohùn á máa mì bí ọwọ́ bá ṣe ń yí. Láti wọn agbára afẹ́fẹ́, ẹ tẹ ọ̀pá rọ́bà tó mọ́ gaara bíi lẹ́tà U, ẹ bu omi sí i dé ìdajì, ẹ kan ẹnu kan mọ́ àpò: ìyàtọ̀ gíga omi méjèèjì ni agbára afẹ́fẹ́. Ti ojú àríyá ń lò nǹkan bí ínṣì 8. Tiyín kò nílò tó bẹ́ẹ̀.

Oníṣẹ́ awọ, Ọjà Ọba: Awọ ìlù kọ́ rárá! Bó bá gbẹ, á le gbagidi. Awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ti ṣe kó rọ̀ ni kí ẹ fi ṣe ẹwìrì ńlá, awọ àgùntàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún àwọn kékeré. Gúlù awọ tí a fi iná yọ́ ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́: lọ́jọ́ àtúnṣe, omi gbígbóná á tú u. Gúlù funfun kì í jẹ́ kí awọ tuntun lẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀ mọ́.

Olùkọ́ Òkè-Fíà: Ẹ ṣé gan-an. Bí fèrè kan bá wá ń dún tí kò dákẹ́ ńkọ́?

Ayọ̀dùùrù: Ẹ fi ìka tẹ irin rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá dákẹ́, ó lè jẹ́ pé páálí ló ya létí ihò. Bí kò bá dákẹ́, ẹ yẹ ìdérí wò: ìdọ̀tí ti há síbẹ̀, tàbí sípíríǹgì rẹ̀ ti rọ. Lásìkò òjò, páálí á wú, á sì há. Ẹ fi ṣẹ́láàkì, ọ̀dà tí wọ́n fi ń dán igi, kun ún níwájú lẹ́yìn kí ẹ tó lò ó. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ máa ń la àpótí afẹ́fẹ́, ìyẹn àpótí igi tí fèrè dúró lé, nítorí náà igi tó ti gbẹ dáadáa ni kí ẹ rà.