Mo ga, alùpùpù eré ìje ni mo sì fẹ́: èwo ni yóò gba ẹsẹ̀ mi?

Àgùntáṣọọ́lò:

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí a jọ ń gun alùpùpù. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo gbé wá. Mo ga ní mítà 1.93, ẹsẹ̀ mi láti abẹ́ itan dé ilẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 92, mo sì wọn kílò 98. Kawasaki Ninja 400 ni mò ń gùn báyìí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an: ó fúyẹ́, ibi tí mo bá wò ní kọ́nà ló máa ń gbà, kì í bá mi jà. Ṣùgbọ́n ìjókòó rẹ̀ kò ga ju mìlímítà 785 lọ, orúnkún mi méjèèjì sì ká débi pé wọ́n yọ sókè kọjá ibi tí wọ́n gbẹ́ fún wọn lára táǹkì. Tí mo bá ti rìn díẹ̀ ní títì márosẹ̀, pajápajá á mú itan ọ̀tún, màá wá máa na ẹsẹ̀ síta lórí eré. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí. Bí mo bá sì yí háńdù dópin níbi tóóró, orúnkún ni yóò gbá.

Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé kí n lọ ra alùpùpù gíga tí wọ́n fi ń wọ inú igbó. Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ kí àyà mi súnmọ́ táǹkì, kí n sì lè gbé e lọ sí pápá ìsáré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta alùpùpù ní gíga ìjókòó ni kí n máa wò, pé bó bá ṣe ga tó ni ara ṣe máa tù mí tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbójú lé Yamaha R6, torí mìlímítà 850 ni ìjókòó tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ni ẹ̀yin tí ẹ ga bíi tèmi ń gùn?

Jíà Kẹfà:

Hayabusa! Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Mítà 1.90 ni èmi, òun ni mò ń gùn. Láti 1999 tí Suzuki ti kọ́kọ́ gbé e jáde ló ti gùn tó sì fẹ̀, ẹ lè sún síwá, ẹ lè sún sẹ́yìn. Ìjókòó èyí tó jáde ní 2021 kò ju mìlímítà 800 lọ, àyè sì wà lórí rẹ̀ fún mi dáadáa. Kílò 264 ni o, ẹ rántí ìyẹn tí ẹ bá fẹ́ máa fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn.

Aránsíìtì:

Àgùntáṣọọ́lò, àbúrò mi, jẹ́ kí n tètè dá ọ dúró kó o tó lọ sanwó R6.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n tú ìjókòó alùpùpù, kí n gé fóòmù rẹ̀, kí n sì tún un rán. Àwọn tó ga ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sì máa ń rò: wọ́n ti ra èyí tí ìjókòó rẹ̀ ga, orúnkún ṣì ń ro wọ́n.

Gíga ìjókòó tí wọ́n ń kọ sínú ìwé, láti ilẹ̀ dé orí ìjókòó ni. Ohun tó ń sọ fún èèyàn kò ju bóyá ẹsẹ̀ á tólẹ̀ nígbà tó bá dúró lọ. Ó wúlò fún ẹni kúkúrú. Ìwọ, orí èyíkéyìí tó o bá jókòó lé, ẹsẹ̀ rẹ á tólẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ìjókòó àti irin ìgbẹ́sẹ̀lé ni kó o máa wá, ìyẹn gan-an ni wọn kì í sì kọ sínú ìwé. Àfi kó o fi téèpù wọ̀n ọ́n fúnra rẹ.

Wo R6 yẹn. Wọ́n gbé ìjókòó rẹ̀ sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ìgbẹ́sẹ̀lé náà sókè, wọ́n tún fà á sẹ́yìn, torí pé bí alùpùpù bá dùbúlẹ̀ ní kọ́nà lórí pápá ìsáré, irin yẹn kò gbọdọ̀ ha ilẹ̀. Ohun tí òkè fún ọ, ìsàlẹ̀ ti gbà á. Hayabusa tí Jíà Kẹfà ń sọ fi mìlímítà 50 kéré sí i ní gíga ìjókòó, síbẹ̀ àyè wà níbẹ̀ fún ẹni gíga jù ú lọ.

Bó o ṣe máa wọ̀n ọ́n rèé. Fi ẹnu téèpù síbi tí egungun ìdí rẹ ń gbà gan-an, kì í ṣe iwájú tó tín-ín-rín, kó o nà án lọ sí àárín ìgbẹ́sẹ̀lé. Wọn tìrẹ ná, kó o kọ ọ́ sílẹ̀, òun lo máa fi wé èyí tó o bá fẹ́ rà. Lẹ́yìn ìyẹn, ní kí ẹnì kan bá ọ di alùpùpù náà mú kó dúró ṣánṣán, gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé irin, kó o sì jókòó tì í. Má sọ̀ kalẹ̀ kíákíá nítorí pé ẹni tó ń tà á ń wò ọ́. Ara kì í pariwo ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

Ìjókòó fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìjókòó alùpùpù eré ìje ló dagun síwájú. Ìgbàkígbà tó o bá tẹ bíréèkì, ìdí rẹ á yọ̀ lọ bá táǹkì, orúnkún á tún ká sí i, ọrùn ọwọ́ á sì máa gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Èèyàn á ní háńdù ló wà nísàlẹ̀ jù, ìjókòó ló ń tì í. Bí mo bá ṣí awọ rẹ̀, mo máa ń bá fóòmù iwájú tó ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, tẹ̀yìn ṣì wà bó ṣe wà. Mo máa ń gé fóòmù líle kan tó nípọn níwájú, tó sì ń fẹ́lẹ́ lọ sẹ́yìn, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kí orí ìjókòó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà ni màá kọjú sí ibi tí ìjókòó èrò ẹ̀yìn ti yọ gọnbu. Gọnbu yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹni gíga sún sẹ́yìn. Bí mo bá fá sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta kúrò lójú rẹ̀, ó tó kí itan rí ibi nà sí. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò nílé kó ṣọ́ra: ike líle wà lábẹ́ fóòmù, bí ẹ bá fá a jù, orí ike yẹn ni ẹ máa máa jókòó lé.

A tún lè fi fóòmù kún ìjókòó lókè. Èyí ń ṣiṣẹ́, torí ìgbẹ́sẹ̀lé kò bá a gòkè. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn Honda VFR800 tó jáde ní 2014: o lè gbé ìjókòó rẹ̀ sí mìlímítà 789 tàbí 809, orúnkún ló sì ni gbogbo mìlímítà 20 yẹn. Àmọ́ bí ìdí bá gòkè tí háńdù dúró síbi tó wà, wàá tẹ̀ba síwájú sí i, ọrùn ọwọ́ ni ìyà rẹ̀ á jẹ. Bí a bá gbé ìdí sókè, ẹ jẹ́ ká gbé ọwọ́ náà sókè. Bí ẹ bá sì ti gbé háńdù sókè, ẹ ṣíná sí ẹ́ńjìnnì lórí ìdúró láì wọ jíà, kí ẹ yí háńdù dópin lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ga fúnra rẹ̀, wáyà ti ń fà. Bí rọ́bà bíréèkì bá sì le gbagidi, ẹ wá èyí tó gùn jù ú lọ kí ẹ tó gbé e jáde.

Bí mo bá wà ní ipò rẹ, Kawasaki Ninja 1000SX ni màá kọ́kọ́ lọ jókòó lé. Ìjókòó rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 835, háńdù rẹ̀ kò wólẹ̀, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì ṣeé gbé sókè sọ̀ kalẹ̀. Gbé téèpù rẹ dání lọ.

Kọ́nà Òsì:

Gbogbo ohun tí Aránsíìtì sọ ló dá lójú. Tèmi ò ju kí n fi ti pápá ìsáré kún un.

Ẹnì kan máa tó sọ fún yín pé kí ẹ ra irin tó ń sọ ìgbẹ́sẹ̀lé kalẹ̀. Ó wà, orúnkún á sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní mìlímítà 25, ó ti súnmọ́ ilẹ̀ nìyẹn, ẹ ò sì ní lè dùbúlẹ̀ ní kọ́nà tó ti tẹ́lẹ̀. Lójú títì lásán, ó lè máà ṣe nǹkan kan. Lórí pápá, ẹ máa gbọ́ ariwo irin lára ọ̀dà. Bí pápá bá wà nínú ètò yín, ọ̀nà fóòmù ni kí ẹ gbà.

Kílò 98 yẹn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń gbójú fò. Bí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn bá rọ̀ jù fún yín, ìdí alùpùpù á rì, ìgbẹ́sẹ̀lé á bá a rì, yóò sì máa lọ́ra láti yà. Ẹ jókòó lé e pẹ̀lú gbogbo aṣọ tí ẹ fi ń gùn ún, kí ẹnì kan wọn bí ẹ̀yìn ṣe lọ sílẹ̀ tó sí ìgbà tí kò sí ẹrù kankan lórí rẹ̀. Bíi mìlímítà 30 sí 40 ni mo máa ń fẹ́. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fún síríńgì rẹ̀ mọ́ sí i.

Bí ẹ́ńjìnnì tó tóbi tó 1000 bá pọ̀ jù fún yín lẹ́yìn 400, ẹ gbé Aprilia RS 660 yẹ̀ wò. Silíńdà méjì ni, ìjókòó rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 820, háńdù rẹ̀ kò sì lọ sílẹ̀ tó ti àwọn 600 tó jẹ́ ti pápá pọ́ńbélé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eré ìje kì í ṣe ti ẹni gíga. Loris Baz ga ní mítà 1.92, ó sì sáré nínú MotoGP, ìdíje eré alùpùpù tó ga jù lágbàáyé. Valentino Rossi ga ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá a du ipò lọ, ẹ̀ẹ̀meje ló sì gba ife àgbáyé ní ìpele tó ga jù. Wọ́n máa ń tún ìjókòó àti ìgbẹ́sẹ̀lé tiwọn ṣe bá ara wọn mu, àwa náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Àgùntáṣọọ́lò:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà, ẹ ò ní rẹ̀yìn o. Mo ti gbé téèpù lọ. Òótọ́ ni ẹ sọ nípa R6: pẹ̀lú gbogbo gíga ìjókòó yẹn, orúnkún mi ò rí ìrọ̀rùn kankan. Lórí 1000SX, àlàfo náà ju ti Ninja mi lọ dáadáa, mo jókòó tì í títí, itan ò sọ nǹkan kan. N kò tíì rí VFR800 nítòsí, mo ṣì ń wá a.

Nǹkan méjì ló kù. Orí mi yọ kọjá gíláàsì 1000SX, ṣé kí n ra èyí tó ga jù ni? Èkejì, bí mo bá wọ aṣọ awọ tí mo fi ń lọ sí pápá, èjìká máa ń ro mí lórí alùpùpù yòówù kó jẹ́. Ṣé háńdù náà ni?

Aránsíìtì:

Má tíì ra gíláàsì. Tó o bá gùn ún lójú títì gbọọrọ, dìde díẹ̀ lórí ìgbẹ́sẹ̀lé kí orí rẹ gòkè, kó o gbọ́ bí ariwo inú akoto ṣe ń yí padà. Bí ariwo bá rọlẹ̀, a jẹ́ pé etí gíláàsì ló ń da atẹ́gùn rú sí ọ lójú. Èyí tó kúrú lè dára fún ọ ju èyí tó ga lọ, torí atẹ́gùn tó ń bọ̀ tààrà kì í mi orí jìgìjìgì. Bí kò bá yí padà, wá tó ga, kó o sì dán ti ẹlòmíràn wò ná bó o bá rí ẹni yá ọ.

Ti èjìká, aṣọ ni mo fura sí. Ẹ̀yìn aṣọ awọ tó kúrú máa ń fa èjìká lọ sílẹ̀ nígbà tí èèyàn bá tẹ̀ba, bí ẹ́ńjìnnì ò tilẹ̀ ṣiṣẹ́. Jókòó lórí Ninja rẹ pẹ̀lú aṣọ ilé, di háńdù mú, kó o fọkàn sí èjìká. Wọ aṣọ awọ, kó o tún ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ́, aṣọ ni. Wo orúnkún náà bó o ti jókòó: ìhámọ́ra tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bo orí orúnkún nígbà tó bá ká, kó má sún gòkè sórí itan. Wọ́n ń rán ti àwọn tó gùn lẹ́sẹ̀ lọ́tọ̀, béèrè rẹ̀.

Tó o bá rí VFR yẹn wọ̀n, fi ohun tí téèpù sọ síbí. Àwọn tó ga bíi tìrẹ ń kà á.