Ṣé Ìwé Mímọ́ fọwọ́ sí kíka Sáàmù 91 sínú omi?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Nítorí àlá burúkú, ìyá ọkọ mi máa ń ṣí Bíbélì sí Sáàmù 91 sábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ mi. Wọ́n tún ń kà á sínú omi fún un mu. N ò rí màmá fín o, àdúrà wọn ń gbà. Àmọ́ Sáàmù yìí kan náà ni Èṣù fi dán Jésù wò nínú Mátíù 4. Àmùrè òtítọ́, asà ìgbàgbọ́ àti idà Ẹ̀mí wà nínú Éfésù 6, n ò rí omi níbẹ̀. Síbẹ̀, aṣọ tó kan ara Pọ́ọ̀lù lé ẹ̀mí burúkú jáde nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 19. Ibo lẹ ti rí ti omi? Báwo ni kí n ṣe bi màmá tí kò ní dìjà?