Ta ló lè bá mi ya fídíò ìgbín òkun kékeré yìí?

Ẹ ǹ lẹ́ o ẹ̀yin ará, Kubwa l'Ábújá níbí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì, òkun sì jìnnà sí wa gan-an. Peringia ulvae ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n, ìgbín tíntìntín tí kì í sábà ju mílímítà 6 lọ, inú ẹrẹ̀ etí òkun ilẹ̀ Yúróòpù ló ń gbé, àwọn ẹyẹ máa ń ṣà á jẹ, ó tiẹ̀ máa ń dorí kodò kó léfòó lójú omi, ìyẹn ló wù mí jù! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí òkun ní Jámánì àbí Ìlú Ọba lọ́hùn-ún, tómi bá ti fà sẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́ ṣé ẹ lè bá mi ya fídíò ẹ̀? Ẹ fi kọ́ìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ o, kí wọ́n lè rí bó ṣe kéré tó. Àbí ìsáwùrú Èkó lè dípò ẹ̀?